Lẹ́tà ṣíṣí sí Ọ̀gá Àgbà Àjọ NCAA: Ẹ dáàbò bo awakọ̀ tó kọ̀ láti gbé bàálù balẹ̀ nínú ìjì

Sí Ọ̀gá Àgbà,
Àjọ NCAA tó ń ṣàkóso ìrìnnà ojú òfurufú ní Nàìjíríà,
Àbújá.

Ọ̀gá wa,

Ẹ kú iṣẹ́ ìlú, ẹ sì kú ìtọ́jú ẹ̀mí àwa tí à ń fi òfurufú ṣọ̀nà. Èrò ọkọ̀ ni mí. Mi ò mọ bàálù wà, mi ò bá ilé iṣẹ́ bàálù kankan ṣiṣẹ́, mi ò sì ní ẹbí kankan nínú iṣẹ́ náà. Ìdí tí mo fi ń kọ̀wé sí yín ni pé ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ tó jẹ́ pé bí ẹ̀yin bá sọ ọ́, olówó bàálù á gbọ́, awakọ̀ á gbọ́, èrò náà á sì gbọ́. Mo fẹ́ kí ẹ kọ ọ́ sínú òfin, kí ẹ sì kéde rẹ̀ níta gbangba, pé awakọ̀ tó bá bá ìjì lórí pápákọ̀ òfurufú, tó sì gbé bàálù gòkè padà tàbí tó gbé e lọ sí ìlú mìíràn, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fìyà jẹ ẹ́ nítorí rẹ̀. Wọn ò gbọdọ̀ kọ ìwé ìbéèrè fún un, wọn ò gbọdọ̀ gé owó rẹ̀, wọn ò sì gbọdọ̀ pè é sí ọ́fíìsì lọ máa bi í pé ta ni yóò san owó epo.

Ẹ̀yin náà ò lè gbàgbé Port Harcourt. Ní ọjọ́ 10 oṣù Kejìlá ọdún 2005, bàálù DC-9 kan tó jẹ́ ti ilé iṣẹ́ Sosoliso gbéra láti Àbújá, ó ń lọ sí Port Harcourt, èèyàn 110 ló gbé. 61 nínú wọn jẹ́ ọmọ ilé ẹ̀kọ́ Loyola Jesuit tí wọ́n ń lọ lo ọlidé Kérésìmesì nílé. Pásítọ̀ Bímbọ́ Odùkọ́yà, tí ọ̀pọ̀ ilé nílẹ̀ Yorùbá máa ń wò lórí tẹlifíṣọ̀n nígbà tó bá ń gba àpọ́n àti tọkọtaya nímọ̀ràn, wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú. Ìjì àti òjò ń jà nígbà tí wọ́n dé. Èèyàn 108 ló bá ìjàǹbá náà lọ, àwọn méjì péré ló yè é.

Àwọn olùṣèwádìí ìjọba wá kọ ohun tí wọ́n rí sílẹ̀. Wọ́n ní okùnfà ìjàǹbá náà ni pé bàálù ń sọ̀kalẹ̀ lọ, ó kọjá ibi tí òfin ti ní kí awakọ̀ pinnu bóyá òun á bà tàbí òun ò ní bà, bẹ́ẹ̀ ojú àwọn awakọ̀ náà ò tíì rí rọ́nwè, ìyẹn ojú ọ̀nà tí bàálù ń bà sí. Wọ́n ní ìpinnu láti gòkè padà pẹ́ kó tó wáyé, àti pé bí wọ́n ṣe ṣe é kò bá ìlànà mu. Ẹ̀fúùfù ń yí padà lójijì, òjò ò jẹ́ kí ojú ríran, wọn ò tan iná pápákọ̀. Bàálù náà já sórí koríko lẹ́gbẹ̀ẹ́ rọ́nwè, ó lọ kọlu gọ́tà kọnkéré kan tó yọrí síta, ó fọ́ yángá, ó sì gbiná.

Ìpinnu láti gòkè padà pẹ́. Gbólóhùn yẹn ni kì í kúrò lọ́kàn mi. Àwọn awakọ̀ náà gbìyànjú láti gbé e gòkè, ṣùgbọ́n àsìkò ti lọ. Mi ò fẹ́ dá olóògbé lẹ́jọ́. Àwọn tó máa wakọ̀ lọ́la ni ọ̀rọ̀ mi dá lé: kí ni ẹ̀yin, kí ni àwọn ọ̀gá wọn, kí sì ni àwa èrò ń ṣe tí ìpinnu wọn fi lè yá, tàbí tí a fi ń mú kó pẹ́?

Ìjì tí mò ń sọ yìí, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n láti kékeré. Àkọ́rọ̀ òjò ló máa ń mú un wá, àrọ̀kúrò náà sì máa ń mú un wá. Láti ìlà-oòrùn ló ti máa ń ṣú bọ̀. Kí ẹ̀kán òjò àkọ́kọ́ tó kán, afẹ́fẹ́ tútù kan á kọ́kọ́ rọ́ wọlé, eruku á sọ, páànù á bẹ̀rẹ̀ sí í lu ara wọn, àwọn ìyá á máa pariwo pé kí wọ́n yáa kó aṣọ tó wà lórí okùn. Afẹ́fẹ́ tútù yẹn gan-an ni ọ̀tá bàálù. Inú ìkùukùu ló ti ń já bọ̀ láti òkè; bó bá ti kọlu ilẹ̀, á tàn ká síhìn-ín sọ́hùn-ún. Àwa tí a wà nílẹ̀, aṣọ orí okùn nìkan ló lè gbà lọ́wọ́ wa. Bàálù tó ń sọ̀kalẹ̀ bọ̀ ló wà nínú ewu ńlá, torí pé ibi tí afẹ́fẹ́ náà ti ń jáde bọ̀ ló forí lé. Lákọ̀ọ́kọ́, afẹ́fẹ́ á máa fẹ́ bọ̀ níwájú, á gbé bàálù sókè díẹ̀, awakọ̀ á rò pé eré òun ti pọ̀ jù, á dín agbára ẹ́ńjìnnì kù. Kó tó mí kanlẹ̀, afẹ́fẹ́ òkè á tì í wálẹ̀. Bó bá sì tún sún síwájú, afẹ́fẹ́ á máa fẹ́ láti ẹ̀yìn, èyí á gba eré tó kù lọ́wọ́ ìyẹ́ rẹ̀, nígbà tí ilẹ̀ ti súnmọ́ tòsí. Gbogbo èyí lè ṣẹlẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Tetsuya Fujita, ọmọ Japan tó ṣiṣẹ́ ní Chicago, ló jẹ́ kí ayé mọ irú afẹ́fẹ́ yìí dáadáa, lẹ́yìn tí bàálù ilé iṣẹ́ Eastern kan já ní New York ní oṣù Kẹfà ọdún 1975, tí èèyàn 113 sì kú. Orúkọ tó fún un ni microburst. Kì í fẹ̀ ju nǹkan bíi kìlómítà 4 lọ, kì í sì í sábà pẹ́ ju ìṣẹ́jú 15 lọ. Ọ̀gá wa, ẹ dákun, ẹ jẹ́ kí ìyẹn wọ gbogbo àwọn tí ọ̀rọ̀ yìí kàn létí. Ohun tó lè pa gbogbo èèyàn inú bàálù lè ti kọjá lọ kí awakọ̀ tó yí po lókè fún ogún ìṣẹ́jú. Ogún ìṣẹ́jú epo ni wọ́n ń ṣírò lé awakọ̀ lórí. Ẹ̀mí ò láàrọ̀.

Ní alẹ́ ọjọ́ kan nínú àrọ̀kúrò, mo wọ bàálù láti Àbújá bọ̀ ní Èkó. A ti sọ̀kalẹ̀ débi pé mò ń rí òrùlé ilé lápá Àgége, ẹsẹ̀ bàálù ti jáde, mànàmáná ń kọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Lójijì ẹ́ńjìnnì bú ramúramù, imú bàálù dojú kọ òkè, mo sì gbọ́ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wọlé padà. Inú ọkọ̀ dàrú. Ẹni tó ń pe ẹ̀jẹ̀ Jésù ń pè é, Alhaja tó jókòó lẹ́yìn mi ń ka kálímà, ọmọdé ń sunkún. Fún ìṣẹ́jú bíi mélòó kan, a ò gbóhùn ẹnikẹ́ni láti iwájú. Ìgbà tí kápútéènì wá sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ balẹ̀: ó ní ìjì wà lórí pápákọ̀, òun ò lè gbé wa gba inú rẹ̀ kọjá, a máa dúró díẹ̀ lókè. Nígbà tí ìjì náà ò tètè lọ, ó gbé wa padà sí Àbújá.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nílẹ̀ ló dùn mí jù. Àwọn èrò dúró de kápútéènì lẹ́nu ọ̀nà. Ọkùnrin kan gbé fóònù sókè, ó ń ya fídíò rẹ̀, ó ń pè é ní ojo. Òmíràn ní ẹ̀gbọ́n òun tó wà ní Ìkẹjà sọ pé bàálù míì ti bà, kí ló dé tí tiwa ò lè bà? Òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ náà, tí mo rò pé ó máa gbèjà awakọ̀ wọn, wá ń bẹ̀ wá, ó ń sọ pé, “Ẹ má bínú, a máa rí sí ọ̀rọ̀ awakọ̀ náà.” Kápútéènì gbọ́ ọ, mo rí ojú rẹ̀. Ọkùnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé gbogbo wa balẹ̀ láyọ̀, wọ́n ń tọrọ àforíjì lórí rẹ̀ bí ẹni pé ó jalè. Mo ń ronú nípa ìgbà mìíràn tí òun náà máa bá irú ìjì bẹ́ẹ̀ lórí Àgége. Ṣé ohun tí wọ́n sọ lọ́jọ́ yẹn ò ní wà lọ́kàn rẹ̀?

Ní ti pé bàálù míì ti bà, mo fẹ́ kí ẹ bá wa dá gbogbo èrò lóhùn. Ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹjọ ọdún 1985, bàálù ilé iṣẹ́ Delta kan ń lọ bà ní Dallas, ní Amẹ́ríkà. Bàálù kékeré kan ṣáájú rẹ̀, ó gba inú òjò kan náà kọjá, ó sì bà láìséwu. Delta tẹ̀ lé e wọ inú òjò náà, microburst gbá a mọ́lẹ̀, èèyàn 137 kú. Ìyàtọ̀ àárín bàálù méjèèjì ò ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ. Lẹ́yìn ìjàǹbá yẹn ni Amẹ́ríkà sọ ọ́ di dandan kí àwọn bàálù ńlá máa gbé ẹ̀rọ tó ń kìlọ̀ nípa irú afẹ́fẹ́ yìí, wọ́n sì gbé rédà àkànṣe sí ọ̀pọ̀ pápákọ̀ wọn. Ogún ọdún géérégé lẹ́yìn ọjọ́ náà, ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹjọ ọdún 2005, bàálù Air France bà nínú ìjì ní Toronto, ó sá kọjá òpin rọ́nwè, ó gbiná. Gbogbo èèyàn 309 tó wà nínú rẹ̀ jáde láàyè, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Bí ẹnikẹ́ni ò tilẹ̀ kú níbẹ̀, àwọn olùṣèwádìí Kánádà dámọ̀ràn pé kí ìjọba gbé ìlànà tó ṣe kedere kalẹ̀, èyí tó máa fi ààlà sí ìgbà tí bàálù lè súnmọ́ pápákọ̀ tàbí kó bà nígbà tí ìjì bá wà. Wọn ò fẹ́ kí gbogbo ẹrù náà wà lọ́rùn awakọ̀ nìkan. Irú ìlànà bẹ́ẹ̀ gan-an ni mò ń bẹ̀ yín fún.

Ẹrù náà wúwo lóòótọ́. Epo bàálù wọ́n. Bàálù kan náà tó gbé wa bọ̀ ló tún máa gbé àwọn míì lọ, bí tiwa bá sì pẹ́, ti gbogbo ọjọ́ náà ló bàjẹ́. Ẹni ńlá kan lè jókòó níwájú tó ní nọ́ńbà ọ̀gá ilé iṣẹ́ lórí fóònù. Òfin wákàtí iṣẹ́ awakọ̀ ń lọ sópin. Kò sí èyí tí ẹnikẹ́ni kọ sínú ìwé pé kí awakọ̀ torí rẹ̀ bà, síbẹ̀ gbogbo wọn ló ń tì í lẹ́yìn. Flight Safety Foundation, àjọ kan tó ń rí sí ààbò ìrìnnà òfurufú, yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò kárí ayé, wọ́n ní nínú 100 ìgbà tí bàálù bá ń sọ̀kalẹ̀ bọ̀ lọ́nà tí kò dúró déédéé, ìyẹn tí eré rẹ̀ tàbí gíga rẹ̀ ò rí bó ṣe yẹ, ìgbà 3 péré ni awakọ̀ máa ń gòkè padà. Ìgbà 97 yòókù, wọ́n ń bà á lọ bẹ́ẹ̀ ni. Ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn á bà láyọ̀, a ó sì pàtẹ́wọ́, torí pé àwa ọmọ Nàìjíríà fẹ́ràn kí á pàtẹ́wọ́ bí táyà bá ti kan ilẹ̀. Awakọ̀ tó gòkè padà, mi ò tíì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni pàtẹ́wọ́ fún un.

Nítorí náà, ibi tí mo fẹ́ kí ẹ yí ìbéèrè sí nìyí. Àwọn bàálù ńlá ń gba àkọsílẹ̀ ìrìn wọn sílẹ̀, òfin sì ti ní kí ilé iṣẹ́ máa yẹ àkọsílẹ̀ náà wò. Ẹ bi wọ́n pé: mélòó nínú awakọ̀ yín ló sọ̀kalẹ̀ lọ́nà tí kò dúró déédéé lóṣù yìí, tí kò gòkè padà? Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ló yẹ kí wọ́n pè jókòó, kí wọ́n bá a sọ̀rọ̀, kí wọ́n tún un kọ́. Ilé iṣẹ́ tí awakọ̀ rẹ̀ kì í gòkè padà rárá ní gbogbo àsìkò òjò ló yẹ kó kọ yín lóminú.

Mo mọ̀ pé ẹnìkan lè sọ pé gígòkè padà náà ní ewu tirẹ̀. Òótọ́ ni. Ní Rostov-on-Don, ní Rọ́ṣíà, ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹta ọdún 2016, bàálù flydubai gòkè padà lẹ́ẹ̀kíní, ó yí po lókè fún ìgbà pípẹ́, ó gbìyànjú lẹ́ẹ̀kejì, ibi tó ti ń gòkè padà lẹ́ẹ̀kejì yẹn ló ti já, èèyàn 62 kú. Ní Port Harcourt pẹ̀lú, wọ́n sọ pé ìlànà gígòkè padà ni wọn ò tẹ̀ lé. Ohun tí èyí fi hàn mí ni pé awakọ̀ gbọ́dọ̀ máa fi í dánra wò léraléra nínú ẹ̀rọ ìdánrawò, lóru, nínú òjò, pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì méjèèjì, láti oríṣiríṣi ibi gíga, títí yóò fi mọ́ ọn lára. Ẹ béèrè ẹ̀rí ìdánrawò yẹn lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó tún ìwé àṣẹ wọn ṣe.

Bí awakọ̀ bá sì gòkè padà, ó gbọ́dọ̀ ríbi lọ. Ọ̀nà kan ò wọjà. Òfin ní kó gbé epo tó máa gbé e dé ibi tó ń lọ, tó tún máa gbé e dé pápákọ̀ mìíràn, kí ti ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sì tún ṣẹ́ kù. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ pápákọ̀ wa ni wọ́n ń tì nígbà tí oòrùn bá wọ̀, torí àìsí iná àti ẹ̀rọ. Bẹ́ẹ̀, ọ̀sán tó bá mú gan-an ló ń bí ìjì tó ń jà ní ìrọ̀lẹ́ àti alẹ́. Awakọ̀ tí ìjì lé kúrò lórí Ìkẹjà ní aago mẹ́jọ alẹ́ lè máa ronú Àbújá tàbí Kùtọnú tàbí Accra ti ilẹ̀ Gánà, nígbà tí pápákọ̀ wà nílẹ̀ Yorùbá níbí tí ojú rẹ̀ ṣókùnkùn. Mo mọ̀ pé àjọ FAAN àti àjọ NAMA ló ni iná àti ẹ̀rọ ìtọ́nisọ́nà, àjọ NiMet ló sì ń wo ojú ọjọ́. Síbẹ̀ ẹ̀yin ni alábòójútó gbogbo wọn. Iná tí wọn ò tàn ní Port Harcourt wà nínú ìwé ìwádìí. Kò yẹ kí àìsí iná tún wà nínú òmíràn.

Ó ku ọ̀rọ̀ àwa èrò. Mi ò ní sọ pé kí ẹ máa fi ọlọ́pàá mú àwọn tó ń bínú. Ẹ̀rù ló ń ba ọ̀pọ̀ wọn, àìmọ̀ ló sì ń sọ ẹ̀rù di ìbínú. Wọ́n ti dá wa padà sí Àbújá lóru ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó fún wa lómi, kò sẹ́ni tó sọ ibi tí a máa sùn, ọ̀nà ọ̀fun arúgbó gbẹ, ọmọ ń ké. Kápútéènì nìkan ni ojú wa rí, òun la wá da gbogbo rẹ̀ lé lórí. Bí ilé iṣẹ́ bá tọ́jú èrò bó ṣe yẹ, ọwọ́ á rọ̀ lára awakọ̀. Kò yẹ kí ilé iṣẹ́ kankan sá sẹ́yìn ọ̀rọ̀ pé ojú ọjọ́ ni, kí wọ́n sì fi èèyàn sílẹ̀ lórí àga pápákọ̀ di ilẹ̀ mọ́.

Ẹ tún jẹ́ kí wọ́n máa sọ fún wa kó tó ṣẹlẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ inú bàálù ń fi bí a ṣe ń de bẹ́líìtì hàn wá ní gbogbo ìgbà. Ní àsìkò òjò, kí wọ́n fi gbólóhùn díẹ̀ kún un, ní Yorùbá, ní Haúsá, ní Ígbò àti ní pijin, pé: bí ẹ bá gbọ́ tí ẹ́ńjìnnì bú lójijì nígbà tí a bá fẹ́ bà, tí bàálù sì dojú kọ òkè, awakọ̀ ló fẹ́ bẹ́ẹ̀; epo wà; bí kò bá tètè sọ̀rọ̀, ọwọ́ rẹ̀ ló dí, yóò bá yín sọ̀rọ̀ láìpẹ́. Ká ní ẹnìkan ti sọ ìyẹn fún Alhaja tó wà lẹ́yìn mi, ara ì bá tù ú.

Àkọ́rọ̀ òjò ọdún tó ń bọ̀ ò jìnnà mọ́. Mo fẹ́ kí òfin yìí ti jáde kó tó dé. Bó bá sì jẹ́ pé irú rẹ̀ ti wà nínú ìwé yín, ẹ gbé e síta níbi tí èrò àti awakọ̀ ti lè kà á, ní ẹnu ọ̀nà tí a ń gbà wọ bàálù ní gbogbo pápákọ̀, kí òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ kankan má tún lè sọ níwájú wa pé àwọn máa rí sí ọ̀rọ̀ awakọ̀ tó gbà wá là. Gbangba ni mo ti kọ tèmi, gbangba náà ni mo ti ń retí èsì yín.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Èrò kan láti Ìkòròdú, Ìpínlẹ̀ Èkó.